Ẹ̀gún Orí Àga

Tí ènìyàn bá ní kí òun gba gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ láwọn ilé olódi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́, a jẹ́ pé ọbabìnrin kan tó jẹ láyé àtijọ́ kò sùn nílé ara rẹ̀ rí. Kò sí ààfin tí a máa yà sí tí wọn kò ní fi ibùsùn kan hàn wá, kí wọ́n ní orí èyí ni Kábíyèsí sùn. Ní Ransley, tó wà lórí òkè láàrin pápá àwọn àgùntàn ní Derbyshire, òru mẹ́ta ni wọ́n ní ó lò, pé ní ìdájí ọjọ́ kẹrin ló gẹṣin lọ láìdúró jẹun àárọ̀. Thelma Garside ti gbọ́ ìtàn náà débi pé ó lè sọ ọ́ lójú oorun. Síbẹ̀, bí Ọjọ́bọ̀ bá ti pé, á wọ bọ́ọ̀sì, ó di Ransley, láti tún lọ gbọ́ ọ.

Kì í ṣe pé ìtàn náà fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́ ló dùn. Wilfred Ottley ni orúkọ rẹ̀, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fi Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ ṣọ́ yàrá ọbabìnrin lọ́fẹ̀ẹ́. Á so táì, á fi báàjì há àyà, á jókòó sórí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bí ẹni pé Kábíyèsí ṣì ń bọ̀ wá mú ohun tó gbàgbé. Ó ga, ó tínrín, etí rẹ̀ tóbi, kì í sì í pariwo sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń bu nǹkan tuntun kún ìtàn náà. Lọ́sẹ̀ kan, ajá ọbabìnrin ń hanrun. Lọ́sẹ̀ mìíràn, ọbabìnrin ní ọbẹ̀ tí wọ́n gbé wá fún òun ti tutù, alásè sì sá wọ inú igbó lọ. Ibi tó ti ń rí wọn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ohun tí Thelma mọ̀ ni pé bó bá fẹ́ sọ tuntun náà, á kọ́kọ́ wo ojú òun ná.

Opó ni Thelma. Irun ló ń ṣe fún àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ títí àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Nígbà tí Norman ọkọ rẹ̀ wà láyé, ààfin ni fàájì àwọn méjèèjì. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń wọ bàálù lọ wá oòrùn ní Spain. Ní tiwọn, Thelma àti Norman á gbé fíláàsì tíì àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin há láàrin, wọ́n á wa mọ́tò wọn lọ síbi tí wọ́n ti bí ọba kan tàbí ibi tí wọ́n ti bẹ́ ọba kan lórí. Bí òjò bá ń rọ̀, kò sì wọ́pọ̀ kó má rọ̀, wọ́n á jókòó sínú mọ́tò níbi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì wọn, wọ́n á máa wo odi ààfin láti inú gíláàsì tí èémí wọn ti bò. Norman á ní, ó dáa o. Thelma á ní ó dáa lóòótọ́. Ààfin tó ti wó ni Norman fẹ́ràn jù. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Norman kò gbọ́ òwe náà rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá rí ògiri tí kò ní òrùlé mọ́, tí ẹyẹ ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé jáde, á ṣí fìlà fún un.

Norman kú. Thelma kò mọ mọ́tò wà, wọ́n sì ta mọ́tò. Nínú gbogbo ààfin ilẹ̀ náà, Ransley nìkan ni bọ́ọ̀sì ìlú wọn ń dé. Nínú ilé, àga Norman ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àga ńlá kan tí ìdí rẹ̀ ti jin kòtò sí. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Thelma kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má jókòó. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n kàn ń yà fún un ni.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Martyn, ń gbé ní Cornwall, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti parí tí òkun ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó ti tún yàrá kan ṣe fún ìyá rẹ̀ lókè ibi tó ń gbé mọ́tò sí, ó ti kùn ún, ìyàwó rẹ̀ ti ra aṣọ fèrèsé sí i. Wọ́n ní kò yẹ kí ìyá máa dá gbé mọ́, pé orúnkún rẹ̀ kò dára, pé kò sì sí ẹni tó ń retí rẹ̀ níbì kankan lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló wọ Thelma lára, nítorí kò rí èsì fọ̀ sí i. Ó ti ṣèlérí pé bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yìí, òun á pe Martyn lórí fóònù. Bó bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, Martyn á gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá lọ́jọ́ Sátidé. Àga Norman kò ní gba ẹnu ọ̀nà yàrá náà wọlé, Martyn ti wọ̀n ọ́n. Ìyẹn náà, Thelma ti gbà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì gbà. Ẹ̀gún ni.

Nínú irú ilé olódi báyìí, àga tí ìdí ènìyàn lè fọ́ pọ̀ níbẹ̀. Wọn kì í sì í kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹ má jókòó, wọ́n ní ó le jù létí àlejò. Òdòdó gbígbẹ kan tí orí rẹ̀ kún fún ẹ̀gún ni wọ́n ń já nínú ọgbà, òun ni wọ́n ń gbé lé orí àga. Ẹni tó bá rí i, ó ti yé e. Kò sí ẹni tí wọ́n bá wí, kò sí ẹni tí ojú tì. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé fíláàsì yí ààfin ká rí ló mọ òfin náà, Thelma sì mọ̀ ọ́n ju òfin ìjọba lọ.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tó dá lọ sí Ransley lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí ẹ̀gún lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Wilfred. Ó ti gun àtẹ̀gùn òkúta tó ń lọ́ yípo débi pé orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì jókòó láìbéèrè. Wilfred sọ ìtàn ọbabìnrin fún un. Nígbà tó dé ibi oúnjẹ àárọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun rò pé ẹja gbígbẹ ni wọ́n fẹ́ fún ọbabìnrin jẹ, pé bó bá jẹ́ òun ni, òun náà kò ní dúró. Thelma rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí Norman ti kú. Wọ́n jọ jókòó títí wọ́n fi fẹ́ ti ilé, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ojú irin, nípa irun ṣíṣe, nípa bí kò ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ da mílíìkì sínú ife kí wọ́n tó da tíì. Nínú bọ́ọ̀sì, Thelma rí i pé òun ti ń retí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tó sanra, tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ló ti gba àga náà, Thelma sì dúró. Ọjọ́bọ̀ tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ẹ̀gún ti wà lórí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gún kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí Thelma bá dé, á wo ẹ̀gún, á yà, á lọ dúró nídìí okùn pupa tí wọ́n fi ṣọ́ ibùsùn ọbabìnrin, á fi ọwọ́ kan di òpó rẹ̀ mú nítorí orúnkún. Ibẹ̀ ni á ti máa bá Wilfred sọ̀rọ̀, òun níhìn-ín, Wilfred lọ́hùn-ún. Ó ti bá ara rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà kò fẹ́ kí opó kan wá máa jókòó ti òun ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kó máa fi ẹjọ́ kún òun létí. Ó sì fi ọmọlúàbí sọ ọ́, ó fi ẹ̀gún sọ ọ́. Thelma kò bínú. Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n kò bínú. Kí ló wá dé tí kò béèrè? Ní ilẹ̀ yẹn, ènìyàn lè bá ọ sọ̀rọ̀ òjò títí aṣọ rẹ á fi gbẹ lára rẹ, ṣùgbọ́n kó bi ọ́ pé kí ni mo ṣe fún ọ, kó tó ṣe bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ kó kúrò ládùúgbò.

Ọjọ́bọ̀ tí à ń wí yìí ni Ọjọ́bọ̀ ìkẹyìn ní oṣù kẹwàá. Wọ́n ń ti Ransley bí òtútù bá dé, ó sì di ìgbà tí àwọn àgùntàn bá bímọ kí wọ́n tó ṣí i. Òjò ń rọ̀. Thelma ti pinnu nínú bọ́ọ̀sì pé òun á dágbére fún Wilfred, òun á sì bi í nípa ẹ̀gún náà, kí òun má baà gbé e dé Cornwall. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, ó ti tún un tò. Ó kọ́kọ́ yà sí ilé tíì láti gbọn òjò dànù lára.

Gwenda tó ń ta tíì níbẹ̀ rí ojú rẹ̀, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ mi. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń pe gbogbo ènìyàn lágbègbè náà, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ẹni tó bá bínú sí i, àlejò ni. Thelma sọ fún un pé òun ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun, pé Sátidé yìí gan-an ni. Gwenda gbé ìkòkò tíì sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ti sọ fún Wilf?"

"Kí ló kan Wilf níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ o." Gwenda nu ojú tábìlì tí kò dọ̀tí. "Ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, pẹ́pẹ́yẹ mi, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Thelma san owó tíì rẹ̀, ó gun òkè. Àtẹ̀gùn náà kò lópin lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa dé yàrá ọbabìnrin, Wilfred ti dìde dúró, ó so táì pupa tí Thelma kò rí rí. Ẹ̀gún wà lórí àga. Thelma wò ó, ó yà, ó lọ dúró nídìí okùn, ó la ẹnu láti sọ ohun tó tò síbẹ̀.

"Òjò yìí mà pọ̀ o," ló ní.

Wilfred ní ó pọ̀ lóòótọ́, pé wọ́n ní yóò dá lọ́la. Thelma ní ì bá dára. Wilfred ní àwọn àgùntàn kò tilẹ̀ mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Ọ̀rọ̀ òjò tán nílẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń wo ibùsùn obìnrin tó ti kú láti ayébáyé, bí ẹni pé òun ni yóò bá wọn dá sí i.

Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn tí Philippa Buckle fi wọlé. Òun ni ọ̀gá ilé náà, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ń yára rìn, tí kọ́kọ́rọ́ ń dún ní ìbàdí rẹ̀. Ó gbé páálí kan dání, ó ń ṣa àwọn ẹ̀gún orí àga jọ, nítorí wọ́n fẹ́ da aṣọ funfun bo gbogbo nǹkan kí òtútù tó dé. Ó kí Thelma, ó ṣa ti àga ẹnu ọ̀nà, ó ṣa ti àga ẹsẹ̀ ibùsùn, ó dé ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó dúró.

"Mista Ottley, ta ló gbé ẹ̀gún sórí èyí?"

Wilfred wú ikọ́. "Èmi ni."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé àga yìí ò dàgbà tó mi? Ilé ìtajà la ti rà á, nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ kán. Ọba kankan ò jókòó síbẹ̀ rí."

"Mo mọ̀."

"Kí wá lẹ̀gún ń ṣe lórí ẹ̀?"

Wilfred wo ilẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n bíi táì rẹ̀. Ó ní òun fi ń gba àyè sílẹ̀ ni. Philippa ní àyè ta ni.

"Àyè ẹnìkan," ni Wilfred wí.

Ó wá yé Thelma báyìí. Ẹnìkan wà tí wọ́n ń gba àyè dè, ẹni tó ń wá lẹ́yìn tí òun bá ti wọ bọ́ọ̀sì lọ, tó ń jókòó síbi tí òun jókòó sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, tó ń gbọ́ ìtàn ajá ọbabìnrin. Wilfred kò jẹ òun ní gbèsè àlàyé kankan, ó sọ fún ara rẹ̀. Ọkùnrin tó dá wà ni, ó lè gba àyè fún ẹni tó bá wù ú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀.

Philippa wo Wilfred, ó wo Thelma, ó wo ẹ̀gún. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní òun gbàgbé nǹkan kan sísàlẹ̀, ó gbé páálí rẹ̀, ó jáde. Ó fi ẹ̀gún náà sílẹ̀ lórí àga.

Òjò ń rọ̀ lára fèrèsé. Thelma rò ó pé òun ò ní padà síbí mọ́, pé bí ìtìjú bá fẹ́ pa òun, kó kúkú pa òun tán lónìí, wọn ò mọ òun ní Cornwall.

"Ẹni tí ẹ̀ ń gba àyè dè yẹn," ó ní, "ṣé ó ń bọ̀ lónìí?"

"Ó ti dé."

Thelma bojú wẹ̀yìn. Ibùsùn ọbabìnrin nìkan ló wà níbẹ̀.

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá," ni Wilfred wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí òjò bò ó. "Kì í jókòó ni."

Thelma wo ẹ̀gún, ó wo ọkùnrin náà, ó tún wo ẹ̀gún. Lójijì ó ń rántí gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó ti fi di òpó okùn mú, tó ń gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ gbé èkejì, tí àga kan sì wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́ dè é.

"Wilfred Ottley," ó ní. Kò pe orúkọ rẹ̀ báyẹn rí. "Orí orúnkún yìí ni mo dúró sí láti ìgbà yẹn. Orúnkún yìí."

"Mo rò pé ẹ ò fẹ́ jókòó tì mí ni."

"Ẹ̀gún wà lórí ẹ̀."

"Kí ẹlòmíràn má baà jókòó síbẹ̀ ni. Ọkùnrin oníkámẹ́rà ọjọ́sí, inú mi ò dùn sí i. Mo ní bẹ́ ẹ bá ti wọlé, màá gbé e kúrò. Ẹ wọlé, ẹ wò ó, ẹ sì gba ọ̀dọ̀ ibùsùn lọ. Mo ní ó dáa náà, wọ́n ti rò ó, wọn ò fẹ́. Èèyàn ò gbọdọ̀ máa yọ àlejò lẹ́nu."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń gbé e síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Wilfred ronú sí i. "Bóyá ẹ máa yí ọkàn padà."

Ẹkún àti ẹ̀rín jọ gbé Thelma lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jẹ́ kí wọ́n jọ jáde. Ọjọ́bọ̀ mélòó ni wọ́n fi ṣe ọmọlúàbí sí ara wọn báyìí, tí díẹ̀ ló kù kí ọmọlúàbí náà yà wọ́n nípá! Wilfred yọ áńkáṣíìfù, ó fẹ́ fi í fún un, ó tún rántí, ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀gún kúrò, ó fi áńkáṣíìfù nu orí àga, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá fún un. Thelma kúrò nídìí okùn. Ó jókòó. Orúnkún rẹ̀ dúpẹ́, òun náà dúpẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń bẹ̀rù kí ó má baà sọ bẹ́ẹ̀ jáde.

Tọkọtaya kan gun àtẹ̀gùn wọlé, kóòtù òjò lára wọn. Ọkọ bi Wilfred bóyá lóòótọ́ ni ọbabìnrin sùn síbí. Wilfred wo ojú Thelma.

"Òru mẹ́ta," ni Thelma dá a lóhùn láti orí àga. "Ajá ẹ̀ ń hanrun. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n fẹ́ fún un láàárọ̀ ló ṣe tètè lọ."

Inú tọkọtaya náà dùn, wọ́n wo ibùsùn yíká, wọ́n ní ó dáa o, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ìgbà náà ni Thelma wá sọ̀rọ̀ Cornwall. Ó sọ ọ́ láì fi òjò bò ó: yàrá tí wọ́n kùn, ọkọ̀ akẹ́rù Sátidé, fóònù ìrọ̀lẹ́ tí Martyn ń dúró dè. Ó ní òun ò tíì fún un lésì. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń wo ojú Wilfred, ó rí i bí ayọ̀ ṣe ń kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wilfred tún táì rẹ̀ ṣe.

"Cornwall dáa," ó ní. "Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ ò pọ̀ tó tibí. Afẹ́fẹ́ òkun náà sì dáa fún orúnkún. Ó yẹ kí èèyàn wà nítòsí ọmọ ẹ̀."

Thelma gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, kò sí èyí tí kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀.

"Wilfred," ó ní, "ẹ tún ti ń gbé ẹ̀gún lé àga."

Ọkùnrin náà wo òdòdó gbígbẹ tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin gba inú ìkùukùu láìbojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù èyí bà á. Ó gbé e sílẹ̀ sórí fèrèsé.

"Ẹ má lọ," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, Thelma, ẹ má lọ."

Kò sí ohun mìíràn tí Thelma fẹ́ gbọ́. Wọ́n jókòó, fèrèsé láàrin wọn, òjò lójú fèrèsé, wọn kò sì sọ̀rọ̀ òjò náà. Nígbà tí Philippa padà wá ti ilé, ó bá wọn níbẹ̀, ó ní òun á kúkú da aṣọ bo àga yẹn bí wọ́n bá dìde. Thelma bi í bóyá òun lè mú ẹ̀gún orí fèrèsé yẹn lọ sílé. Philippa ní kó máa mú un lọ, pé irú rẹ̀ kún inú ọgbà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Thelma pe Martyn. Ó ní kó má wulẹ̀ gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, pé òun á wá kí wọn nígbà Kérésì, kí wọ́n fi aṣọ fèrèsé náà sílẹ̀ fún òun. Martyn ní, màámi, ṣé nítorí àga dádì ni, pé òun lè fẹ ẹnu ọ̀nà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dun Thelma dé ọkàn, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ náà lè ṣe é lóòótọ́. Ó ní rárá, kì í ṣe nítorí àga. Ó ní ẹnìkan ń retí òun níbí.

"Ta ni?" ni Martyn wí.

"Awakọ̀ ojú irin kan."

"Ṣé ó ń dé lásìkò?"

"Ó pẹ́ díẹ̀," ni Thelma wí. "Ṣùgbọ́n ó dé."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ransley wà ní títì, gbogbo àga ibẹ̀ ti wà lábẹ́ aṣọ funfun. Wilfred Ottley wá sílé Thelma. Bó tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ní tíì nílé, ó ṣì gbé fíláàsì tirẹ̀ dání, bí àṣà àwọn tó ń rin ìrìn ààfin. Ó nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ju bó ṣe yẹ lọ. Thelma ní kó máa wọ yàrá ìjókòó, kóun lọ gbé ife wá.

Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Méjì kò ní nǹkan kan lórí. Ẹ̀kẹta, àga ńlá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ìdí rẹ̀ jin kòtò, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, ẹ̀gún wà lórí rẹ̀.

Thelma dúró nínú kíṣíìnì, ó di ife méjì mú, kò da tíì. Ó ń fetí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá lọ dúró nídìí ògiri, òun á da tíì náà lé e lórí. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, kékeré, ohùn tí kì í pariwo yẹn, ó sì gbọ́ bó ti gbé nǹkan fúyẹ́ kan lé orí fèrèsé. Igi àga Norman dún, bó ti máa ń dún tẹ́lẹ̀. Ó ti jókòó.